Irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó fún olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba: èwo ló ń ṣiṣẹ́, èwo ló ń dá ni dúró?

Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ tó ń bójú tó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àgbègbè kan lè kó oríṣiríṣi irinṣẹ́ lé olùkọ́ lọ́wọ́ láàárín ọdún kan ṣoṣo: àkáǹtì Google, pátákó aláfọwọ́tẹ̀, kọ̀ǹpútà kéékèèké fún àwọn ọmọ, ìkànnì ìdánwò, ìkànnì ìdánrawò. Orúkọ wọn máa ń pọ̀ lórí ìwé. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ní ogójì ìṣẹ́jú péré pẹ̀lú ogójì ọmọ kò lè fi orúkọ kọ́ni. Ohun mẹ́ta la fi díwọ̀n àwọn tí a yẹ̀ wò níbí: ìṣẹ́jú mélòó ló máa gbà kí gbogbo ọmọ tó wọlé tán, kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láàárín iṣẹ́, àti bóyá olùkọ́ lè kó iṣẹ́ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà bá ní òun kò ṣe é mọ́. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n yìí wò ó á rí i pé irinṣẹ́ tí kò dán lójú rárá ló máa ń gba ipò kìíní.

Kolibri ló ṣáájú

Learning Equality, àjọ tí kò ṣiṣẹ́ nítorí èrè, ló ṣe Kolibri. Òun ló rọ́pò KA Lite tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú kíláàsì ló ń gbé gbogbo ẹ̀kọ́ dání, àti fídíò, àti ìdánrawò, àti ìwé. Àwọn ọmọ á fi fóònù, táblẹ́ẹ̀tì tàbí kọ̀ǹpútà so mọ́ Wi-Fi kíláàsì, wọ́n á ṣí bùráúsà lásán, wọ́n á sì máa gba ẹ̀kọ́ láti ara kọ̀ǹpútà olùkọ́. Dátà kankan kò jó. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, kò kan kíláàsì náà.

Bí a ṣe ń tò ó nìyí. Ẹ fi Kolibri sórí kọ̀ǹpútà kan tó ń lo Windows, Mac tàbí Linux. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí Raspberry Pi (kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú) àti Android pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́, yóò sì ní kí ẹ ṣí àkáǹtì alábòójútó. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Device, ẹ wọ Channels (àkójọ ẹ̀kọ́ ni channel), ẹ tẹ Import láti kó ẹ̀kọ́ wọlé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ko wàhálà: wọ́n á mú channel Khan Academy, wọ́n á ní kí gbogbo rẹ̀ máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dátà á tán tàbí díìsì á kún kó tó dé ìdajì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí channel náà wò, kí ẹ fi àmì sí kìkì àwọn àkòrí tí ẹ máa kọ́ ní sáà yìí. Kolibri á sọ bí wọ́n ṣe wúwo tó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tí ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí bá ti ní in, ẹ kò tilẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tẹ Export sórí hard disk kan, kí ẹ gbé e wá, kí ẹ sì mú ẹ̀kọ́ náà láti orí hard disk ọ̀hún nígbà tí ẹ bá ń ṣe Import.

Ó wá ku ráútà. Ráútà tí kò ní síìmù tàbí wáyà íntánẹ́ẹ̀tì kankan lára tó fún iṣẹ́ yìí. Kí kọ̀ǹpútà olùkọ́ so mọ́ ọn, kí ti àwọn ọmọ náà so mọ́ ọn. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ ipconfig, kí ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú IPv4 Address. Tó bá jẹ́ 192.168.1.20, ohun tí àwọn ọmọ máa kọ sínú bùráúsà ni 192.168.1.20:8080. Ẹ tún lè rí àdírẹ́sì yìí nínú Device, lábẹ́ Info. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó, kí ẹ má sì pa á rẹ́ títí kíláàsì á fi parí, torí ọmọ tó pẹ́ dé máa béèrè.

Tí ojú bùráúsà bá ń yí tí kò ṣí, Windows Firewall ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó máa ń béèrè bóyá kí òun gbà kí Kolibri bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tẹ Cancel láìkà á ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo kíláàsì nìyẹn. Ẹ wọ Settings, kí ẹ lọ sí Network & internet, kí ẹ rí i pé Private network ni Wi-Fi náà wà, kì í ṣe Public. Tí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Guest Wi-Fi ni àwọn ọmọ so mọ́. Ọ̀pọ̀ ráútà kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ méjì tó wà lórí Guest rí ara wọn. Tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ tó wá dúró, kọ̀ǹpútà olùkọ́ ló sùn lọ: ẹ yí Sleep sí Never fún ìgbà tó bá wà lórí iná. Tó bá sì jẹ́ pé nọ́ńbà àná ni kò ṣiṣẹ́ lónìí, ráútà ló fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà tuntun. Ẹ wọ ojú-ewé ètò ráútà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ address reservation sí, kí ẹ so nọ́ńbà kan mọ́ kọ̀ǹpútà náà pátápátá.

Ohun tí Kolibri kò lè bá yín tún ṣe ni Wi-Fi tí kò lágbára. Fídíò kan tó ń jẹ 1 Mbps kì í ṣe ìṣòro. Tí ọgbọ̀n ọmọ bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó di 30 Mbps, ráútà kékeré tó wà lórí 2.4 GHz á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tí ẹ̀rọ àwọn ọmọ bá gba 5 GHz, ibẹ̀ ni kí ẹ kó wọn lọ. Tó bá jẹ́ 2.4 GHz nìkan ló wà, ẹ yan channel Wi-Fi 1, 6 tàbí 11 nínú ètò ráútà, torí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í dí ara wọn lọ́wọ́. Kí kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mú òmíràn nínú wọn. Ẹ gbé ráútà sókè sára ògiri, kì í ṣe inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Kí ọmọ méjì sì máa pín ẹ̀rọ kan wo fídíò, kí kálukú wá ṣe ìdánrawò tirẹ̀. Ìdánrawò kì í jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bíi fídíò.

Ibi tí Kolibri ti wú wa lórí jù ni ojú-ewé Coach. Olùkọ́ á kó ẹ̀kọ́ jọ síbẹ̀ fún kíláàsì, tàbí fún ìsọ̀rí ọmọ kan péré, bí wọ́n sì ti ń ṣe é ni á máa rí ẹni tó ti parí, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ tẹ orúkọ ọmọ kan, ẹ ó rí ìdáhùn tó kọ́kọ́ mú, èyí tó tún mú lẹ́yìn rẹ̀, àti ibi tó ti béèrè ìtọ́sọ́nà. Ọmọ tó ń ro ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, tó ń kọ ìdá méjì nínú méje, kò kàn ń ṣì í lásán. Òkè ló ń ro mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Olùkọ́ tó bá rí èyí lójú ẹsẹ̀ lè pe ọmọ márùn-ún tó ń ṣe irú rẹ̀ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí aago tó lù. Ìwé iṣẹ́ tí a gbà lọ́wọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kì í fi èyí hàn lákòókò.

Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ lọ sí Facility, ẹ wọ Settings, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú Require password for learners. Orúkọ ìwọlé nìkan ló máa kù tí wọ́n á tẹ̀. Kí ẹ má sì fi ọwọ́ kọ orúkọ igba ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan: fáìlì CSV kan (tábìlì orúkọ irú èyí tí Excel ń ṣe) tó láti kó gbogbo wọn wọlé.

Àléébù tó wà níbẹ̀ kò kéré o. Ìbéèrè tó ti wà nínú channel ni Quiz ń lò. Olùkọ́ tó fẹ́ kọ ìbéèrè tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí Kolibri Studio, tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó tẹ Publish, kó gba token (kóòdù kúkúrú kan), kó wá fi token náà ṣe Import. Iṣẹ́ ilé ni, kì í ṣe iṣẹ́ inú kíláàsì.

Kiwix náà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: Wikipedia lódindi láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú fáìlì tó ń parí pẹ̀lú .zim. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo la ní. Tí fáìlì náà bá ju 4 GB lọ, kò ní wọ inú fíláàṣì tí wọ́n fi FAT32 ṣètò, Windows á sì sọ pé fáìlì ti tóbi jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 64 GB ló ṣófo níbẹ̀. Ẹ kó ohun tó wà lórí fíláàṣì náà kúrò, ẹ ṣe Format, ẹ yan exFAT.

Google Classroom: iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó ti ń gúnni

Láti ọdún 2014 ni Classroom ti wà, kò sì sí ohun tó dà bíi rẹ̀ fún kíkó iṣẹ́ jọ. Iṣẹ́ tó pẹ́ á fi ara rẹ̀ hàn, iṣẹ́ tí a kọ lóru òní á jáde fúnra rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ tí a bá tẹ Schedule, àwọn òbí tó bá sì fẹ́ á máa gba àkójọ iṣẹ́ ọmọ wọn nínú ímeèlì lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Àṣìṣe tó ń jẹ olùkọ́ níyà jù nínú rẹ̀ kékeré ni. Nígbà tí ẹ bá so ìwé Google Docs mọ́ iṣẹ́, àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ Students can view file sí. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ á lè ka ìwé náà, wọn kò ní lè kọ nǹkan kan sí i. Tí ẹ bá yí i sí Students can edit file, gbogbo kíláàsì á máa kọ sínú ìwé kan ṣoṣo, ẹnì kan á sì pa iṣẹ́ ẹlòmíràn rẹ́. Ohun tí ẹ ń fẹ́ ni Make a copy for each student. Kí ẹ yàn án kí ẹ tó tẹ Assign, torí lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti jáde, kò ṣeé yí sí èyí mọ́; àfi kí ẹ pa iṣẹ́ náà rẹ́ kí ẹ sì tún un gbé jáde.

Èyí tó tẹ̀ lé e: ọmọ á sáré wá pé òun kò lè tún iṣẹ́ òun ṣe mọ́. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí ọmọ bá ti tẹ Turn in, àṣẹ láti kọ nǹkan sínú ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́. Kí ọmọ náà tẹ Unsubmit, kó tún un ṣe, kó tún tẹ Turn in. Ẹ kọ́ wọn ní èyí lọ́jọ́ kìíní.

Èkẹta ni ìwé tó ń kọ You need access. Níbi tí fóònù ti jẹ́ ti òbí, àkáǹtì Gmail òbí ló máa ń ṣí líǹkì. Nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní profile tirẹ̀ pẹ̀lú àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́. Lórí fóònù, kí wọ́n tẹ àwòrán tó wà lókè lápá ọ̀tún nínú áàpù Classroom, kí wọ́n yan àkáǹtì tó tọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Tí gbogbo ọmọ bá sì ti wọlé tán, ẹ lọ sí Settings kíláàsì náà, kí ẹ pa invite code, kí àjèjì má baà gba ibẹ̀ wọlé.

Ní ti àyè, Google kì í fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fàlàlà mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lo ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ní 100 TB tí gbogbo ènìyàn jọ ń pín. Ó dà bí ohun tó pọ̀, ṣùgbọ́n tí àgbègbè kan bá ní 20,000 àkáǹtì, 5 GB ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Fídíò ni ó ń jẹ ẹ́. Ẹ má gba iṣẹ́ àṣetiléwá ní fídíò tí àwòrán ìwé bá ti tó.

Olùkọ́ tó ń kúrò lágbègbè náà máa pàdánù gbogbo ohun tó kọ tí kò bá tètè ṣe é. Kí wọ́n tó ti àkáǹtì rẹ̀ pa, kó lọ sí takeout.google.com/transfer, kó fi ìwé Drive àti lẹ́tà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ti ara rẹ̀. Alábòójútó ló ń ṣí àyè yìí, nítorí náà ẹ tètè béèrè.

Google Forms ń bá Classroom rìn, ó sì ń dín iṣẹ́ àmì kù gan-an fún ìbéèrè tó ní ìdáhùn ọlọ́nà púpọ̀. Ẹ má retí pé á fi àmì sí àròkọ. Ìdáhùn gígùn kò ṣeé ṣe fún un. Ìdáhùn kúkúrú ló ń dá ìjà sílẹ̀ nínú kíláàsì: tí ẹ bá kọ photosynthesis ní ìdáhùn, ọmọ tó kọ ọ́ pẹ̀lú lẹ́tà kan tó ṣì á gba òdo, bẹ́ẹ̀ ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ kọ gbogbo ọ̀nà tí ẹ lè gbà á sílẹ̀ nínú answer key, tàbí kí ẹ wo àwọn ìdáhùn náà fúnra yín kí ẹ tó fi àmì ránṣẹ́. Ní ti locked mode tí kì í jẹ́ kí ọmọ ṣí ojú-ewé mìíràn, orí Chromebook (kọ̀ǹpútà tó ń lo ChromeOS ti Google) tí ilé-ẹ̀kọ́ ń darí nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lórí fóònù tàbí Windows, ẹ dàrú ètò ìbéèrè pẹ̀lú Shuffle question order, kí ẹ sì máa rìn káàkiri kíláàsì.

Páásíwọ́ọ̀dù

Ká sòótọ́, ohun tó ń jẹ àkókò kíláàsì jù kì í ṣe áàpù kankan. Ọmọ tó gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ni. Níbi tó ti jẹ́ pé ọ́fíìsì àgbègbè nìkan ló lè tún un ṣe, olùkọ́ á kọ lẹ́tà, á dúró, ọmọ náà á sì máa wo ẹ̀rọ ẹnìkejì fún ọjọ́ mélòó kan. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ rárá, kò sì gba owó láti tún un ṣe. Nínú Google Admin console, ojú-ewé tí wọ́n fi ń darí gbogbo àkáǹtì, alábòójútó lè dá ipò kan sílẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ju Reset Password lọ, kó sì fi mọ sórí ìsọ̀rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Olùkọ́ kan tàbí méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ní ipò yìí á tún páásíwọ́ọ̀dù ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan, kò ní lè wo ímeèlì ẹnikẹ́ni, kò sì ní lè fọwọ́ kan àkáǹtì olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní ohun kan ṣoṣo láti béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì yín lọ́dún yìí, ẹ béèrè èyí kí ẹ tó béèrè ẹ̀rọ tuntun.

PhET, fún ẹni tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì láìsí yàrá ìdánwò

Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì, ló dá PhET, àkójọ ìdánwò sáyẹ́ǹsì tí a ń ṣe lójú kọ̀ǹpútà, sílẹ̀ ní University of Colorado Boulder lọ́dún 2002. Ọ̀fẹ́ ni, kò béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ ọmọ, ìkọ̀ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò náà sì jẹ́ fáìlì .html kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà sílẹ̀ kí ẹ sì fi fíláàṣì pín. Ó tún wà gẹ́gẹ́ bí channel nínú Kolibri.

Ẹ wo Circuit Construction Kit: DC. Ọmọ á fa bátìrì kan wá, bátìrì náà jẹ́ 9 V. Á fa resistor 10 Ω wá, á fi wáyà so wọ́n yípo, á sì fi ammeter, ohun tí a fi ń wọn iná tó ń kọjá, sí ojú ọ̀nà. Ammeter á kà 0.90 A, bí òfin Ohm ṣe ní kó rí gẹ́lẹ́. Tó bá fi gílóòbù rọ́pò resistor, tó sì so gílóòbù kejì tẹ̀ lé èkínní, iná àwọn méjèèjì á rẹ̀ wálẹ̀. Tó bá so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, méjèèjì á tàn bíi ti ẹyọ kan, ammeter tó wà lẹ́nu bátìrì á sì fi hàn pé iná tó ń jáde ti di ìlọ́po méjì. Tó bá wá fi wáyà so ẹnu bátìrì méjèèjì pọ̀ láìsí nǹkan kan láàárín, iná á sọ lójú kọ̀ǹpútà, kò ní jó ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá ti rí ìyẹn kò ní ṣe é pẹ̀lú bátìrì gidi.

Ẹ má kàn ṣí i kí ẹ sì ní kí wọ́n máa ṣeré. Ẹ kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó, kí ọmọ kọ ohun tó rò pé á ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ẹ bá sì bá ìdánwò àtijọ́ kan pàdé tí kò ṣí rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Flash. Adobe ti pa Flash tì láti 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Èyí tí wọ́n kọ HTML5 sí ni kí ẹ mú.

Scratch, tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, náà ní áàpù tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi sórí gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá náà, kí àwọn ọmọ máa fi iṣẹ́ wọn pamọ́ ní .sb3 pẹ̀lú orúkọ tiwọn, torí tí gbogbo wọn bá fi í sílẹ̀ ní Scratch Project, ẹni tó bá tẹ Save kẹ́yìn ló ni ín.

Pátákó aláfọwọ́tẹ̀

Owó ńlá ló ń bá èyí lọ, iṣẹ́ tí a sì ń rí i fi í ṣe lọ́pọ̀ ibi kò ju ti projector lọ. Ìdí kan wà tó rọrùn. Wáyà méjì ló yẹ kó ti ara kọ̀ǹpútà lọ sí ara pátákó: HDMI ń gbé àwòrán lọ, wáyà USB ń gbé ìfọwọ́tẹ̀ padà wá. Ọ̀pọ̀ ń so HDMI nìkan, àwòrán á jáde, wọ́n á wá fi ìka tẹ̀ ẹ́, kò ní dáhùn, wọ́n á sì ní pátákó ti bàjẹ́. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ pátákó: ihò USB onígun mẹ́rin, irú ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí wọ́n kọ Touch sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ẹ ń wá. Kí nọ́ńbà tó wà lára ihò náà bá ti HDMI tí ẹ lò mu: tí HDMI bá wà ní 2, kí Touch náà wà ní 2. Kọ̀ǹpútà tó ní USB-C tó ń gbé àwòrán lè fi wáyà kan ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo USB-C ló ń gbé àwòrán, kì í sì í ṣe gbogbo wáyà USB-C tí a fi ń gba iná ló lè ṣe é.

Ẹ má fi iṣẹ́ ọdún kan pamọ́ sínú áàpù tí ilé-iṣẹ́ pátákó nìkan lè ṣí. Àwọn tó gbẹ́kẹ̀ lé Jamboard, pátákó ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà ti Google, mọ ohun tí à ń sọ: Google pa á tì ní 31 oṣù Kejìlá ọdún 2024, kò sì sí ẹni tó lè ṣí ìwé rẹ̀ nínú áàpù náà mọ́. Lópin ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ohun tí ẹ kọ sójú pátákó pamọ́ ní PDF.

Kọ̀ǹpútà tó ti gbó

Kí ẹ tó gba Chromebook tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ sí About ChromeOS, ẹ tẹ Additional details, kí ẹ ka ohun tó wà níwájú Update schedule. Oṣù àti ọdún tí ìmúdójúìwọ̀n máa dópin ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 2023 ni Google ṣèlérí ọdún mẹ́wàá fún àwọn Chromebook, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí irú ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe láti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín.

Ní ti Windows 10, ìtìlẹ́yìn tí Microsoft ń ṣe fún un parí ní 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì kún fún ẹ̀rọ tí kò lè gba Windows 11. Wọn kì í ṣe pàǹtírí. Tí ẹ̀rọ náà bá ní processor Intel tàbí AMD 64-bit, RAM 4 GB àti díìsì 16 GB, ó lè gba ChromeOS Flex, ètò tí Google ṣe láti rọ́pò Windows lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá fíláàṣì tó tó 8 GB. Nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ fi Chromebook Recovery Utility sí i, kí ẹ yan Google ChromeOS Flex, kó sì kọ ọ́ sórí fíláàṣì. Ẹ pa ẹ̀rọ àtijọ́ náà, ẹ ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ tan án, kí ẹ máa tẹ F12, F2 tàbí Esc títí á fi béèrè ibi tó fẹ́ ti jí. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́tìnì tirẹ̀. Ẹ yan Try it first. Ẹ má tíì tẹ Install. Ẹ dán Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà àti bọ́tìnì ìtẹ̀wé wò ná, torí Install máa pa gbogbo ohun tó wà lórí díìsì rẹ́, kò sì sí ọ̀nà àbáyọ lẹ́yìn rẹ̀. Áàpù Android kò ṣiṣẹ́ lórí Flex, nítorí náà ẹ rí i pé ohun tí ẹ fẹ́ lò ní ojú-ewé lórí bùráúsà.

Fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, tó wà lórí Windows, NVDA ni kí ẹ fún un. Ọ̀fẹ́ ni, afọ́jú kan ní Australia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, ó sì ń ka gbogbo ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè. Control, Alt àti N pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló ń tan án. Insert àti Q ló ń pa á. Ẹ fún ọmọ náà ní íapíìsì, kí ẹ sì máa fún un ní iṣẹ́ ní ìwé Docs tàbí Word. PDF tó jẹ́ àwòrán ìwé tí a fi fóònù yà kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú tí NVDA lè kà.